Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ti Douala dé Berlin: Ìdí tí kò fi yẹ kí ìjọba máa wádìí ara rẹ̀

Àdúgbò méjì kan wà nílùú Douala, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa tó máa ń ná ìlú náà mọ̀ dáadáa. Ọ̀kan ni Bonanjo, létí odò Wouri, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àti báńkì ńláńlá wà. Èkejì ni New Bell, níbi tí ọjà wà, tí èrò ń rọ́ gììrì, tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àgbà ìlú náà sì wà pẹ̀lú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Bonanjo ni ilé baba àwọn tí wọ́n lé lọ sí New Bell, àti pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ló gbẹ̀mí ọba kan tí wọ́n yẹgi fún ní ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ, ọdún 1914. Orúkọ ọba náà ni Rudolf Duala Manga Bell.

Kò gbé ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni kò dáná sun ilé ẹnikẹ́ni. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ kọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì, pé kí àwọn aṣòfin náà wádìí ohun tí ìjọba wọn ń ṣe ní Douala. Àwọn aṣòfin gba ìwé náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀dọ̀ ìjọba tí wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn gan-an ni wọ́n padà lọ láti bèèrè òótọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà kò gbó rárá, nítorí ìlú Douala yìí kan náà ti tún rí irú rẹ̀ lẹ́yìn tí òyìnbó ti lọ tán.

ÀDÉHÙN TÍ WỌ́N FỌWỌ́ RỌ́ SẸ́YÌN

Ní ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 1884, àwọn ọba Douala tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Ndumbe Lobe Bell, bàbá-bàbá Rudolf, wà lára wọn, ọba Akwa náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n gbé àṣẹ ìlú lé Jámánì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé ilẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń dáko sí àti èyí tí wọ́n kọ́lé sí, tiwọn náà ni yóò máa jẹ́.

Kò pẹ́ tí ìyà fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1905, àwọn olóyè Akwa kọ ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí Reichstag, ìyẹn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì ní Berlin, lórí ìwà Jesko von Puttkamer tó jẹ́ gómìnà nígbà náà. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ fi san án fún àwọn olóyè náà. Ṣùgbọ́n ariwo ọ̀rọ̀ náà ti dé Berlin, àwọn aṣòfin ń bèèrè ìbéèrè, àwọn ìwé ìròyìn ń kọ ọ́. Wọ́n pe Puttkamer padà sílé, nígbà tó sì di ọdún 1907, ó ti kúrò nípò. Ohun tí àwọn ará Douala rí kọ́ níbẹ̀ ni pé gómìnà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kan wà tí gómìnà náà ń bẹ̀rù.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún gba ọ̀nà kan náà lọ nígbà tí ìjọba Jámánì gbé ètò mìíràn jáde ní ọdún 1910. Ètò náà ni pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò létí odò, kí ibẹ̀ di ti àwọn òyìnbó nìkan, kí wọ́n sì fi ilẹ̀ gbalasa kan tó fẹ̀ tó kìlómítà kan la àárín aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú. Rudolf Manga Bell, tó gorí oyè baba rẹ̀ ní ọdún 1908, tó sì ti kàwé ní Jámánì fúnra rẹ̀, mú ìwé àdéhùn 1884 jáde. Ó ní òfin tí àwọn fúnra yín kọ nìyí, ẹ tẹ̀lé e. Nígbà tí ìjọba kò gbọ́, òun àti àwọn olóyè yòókù kọ̀wé sí Reichstag. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 1913, ìjọba yọ ọ́ lóyè.

Ẹ rántí pé ní ọdún 1913 yìí kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó gba ilẹ̀ Àpápá mọ́ àwọn ìdílé Olúwa lọ́wọ́. Olóyè Amodu Tijani Olúwa gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ sí kóòtù, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní London. Òun àti Herbert Macaulay ni wọ́n jọ wọkọ̀ ojú omi lọ ní ọdún 1920, ó sì jàre ní ọdún 1921. Ọ̀nà tí Manga Bell gbà yàtọ̀. Ilé aṣòfin ni òun gbójú lé.

ÌGBÌMỌ̀ NÁÀ NÍ KÍ IṢẸ́ DÚRÓ, Ó TÚN NÍ KÓ MÁA LỌ

Níwọ̀n bí ìjọba kò ti gbà kí Manga Bell fúnra rẹ̀ rìnrìn-àjò, ó rán akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, lọ sí Jámánì ní bòókẹ́lẹ́. Ngoso Din dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1914, ó gba agbẹjọ́rò, ó sì rí àwọn oníwèé ìròyìn bíi mélòó kan tó gbè é lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ìnáwó ní Reichstag. Ní oṣù kẹta, ọdún 1914, ìgbìmọ̀ náà ní kí ìjọba dá iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbà náà dúró ná, títí tí àwọn yóò fi rí àlàyé gbà sí i. Ẹ̀rín sọ nílé àwọn ará Douala lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí àlàyé náà ti wá. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí Jámánì gbà ni. Wilhelm Solf, mínísítà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ló kó àkójọ ìwé wá síwájú ìgbìmọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ní Manga Bell ń ránṣẹ́ sí àwọn ọba mìíràn, àti pé ó ń wá bí ìjọba òkèèrè yóò ṣe gba òun lọ́wọ́ Jámánì. Ọ̀tẹ̀ ni wọ́n pè é. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó wá fẹjọ́ sùn ti di ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Kò sí ẹni tó pe Manga Bell wá láti wí tẹnu rẹ̀. Ngoso Din tó wà nítòsí, tí ìgbìmọ̀ ìbá bi léèrè, àwọn ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi dá a padà sí Kamẹrúùnù. Àwọn aṣòfin gba ohun tí ìjọba sọ, wọ́n ní kí iṣẹ́ máa lọ. Àwọn àgbà ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n mú Manga Bell ní ọjọ́ 10, oṣù karùn-ún. Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, wọ́n sáré gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 7, oṣù náà, wọ́n sì yẹgi fún òun àti Ngoso Din lọ́jọ́ kejì. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Jámánì pàdánù Douala sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé.

OHUN TÍ JÁMÁNÌ RÍ KỌ́, ÀTI BÍ WỌ́N ṢE Ń DÁ ÌGBÌMỌ̀ OLÙWÁDÌÍ SÍLẸ̀

Ohun kan wà tí Reichstag ọdún 1914 kò ní. Ìwé òfin ilẹ̀ Jámánì ìgbà náà kò fún un láṣẹ láti dá ìgbìmọ̀ olùwádìí tirẹ̀ sílẹ̀, kó ránṣẹ́ pe ẹlẹ́rìí, kó bèèrè ìwé, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí òótọ́. Ohun tí ìjọba bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò kà. Lẹ́yìn tí ogun parí, tí wọ́n kọ ìwé òfin tuntun ní ọdún 1919, abala 34 sọ ọ́ gbangba pé Reichstag lè dá ìgbìmọ̀ olùwádìí sílẹ̀. Ó tún fi kún un pé bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn aṣòfin bá ti béèrè fún un, dandan ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá. Jámánì òde òní sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́rin, nínú abala 44 ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló sábà máa ń pọ̀ jù nílé aṣòfin. Bí ó bá jẹ́ ìbò ọ̀pọ̀ èèyàn nìkan ni wọn yóò máa fi dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ìgbà tó bá wu ìjọba nìkan ni wọn yóò máa wádìí ìjọba.

Níbi gbogbo láyé, ìpele tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá kò yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn. Aṣòfin kan tàbí ẹgbẹ́ kan yóò kọ àbá, yóò sọ ohun pàtó tí wọ́n fẹ́ wádìí. Àwọn aṣáájú ilé yóò pinnu bóyá àbá náà yóò wọ inú ètò iṣẹ́ ilé. Ilé yóò jíròrò, yóò dìbò. Bí ó bá yege, wọn yóò yan ọmọ ìgbìmọ̀, wọn yóò fún wọn ní gbèdéke. Ìgbìmọ̀ yóò pe ẹlẹ́rìí, yóò gba ìwé, yóò kọ àbọ̀ rẹ̀ síwájú ilé. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti lè há: ta ló ń gbé àbá wọlé, ta ló ń yan ọmọ ìgbìmọ̀, ta ni wọ́n lè pè, ta sì ni yóò rí àbọ̀ náà kà.

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 1973 ni ilé aṣòfin àgbà dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Watergate. Ìbò 77 sí òdo ni, torí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ààrẹ pàápàá dìbò gbè é. Ìgbìmọ̀ náà kò dúró de àlàyé Ààrẹ Nixon. Wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 16, oṣù keje, ọ̀kan nínú wọn, Alexander Butterfield, jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ wà ní ọ́fíìsì ààrẹ tó ń gba ohùn gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Nixon fi ipò sílẹ̀.

ÒFIN WÀ NÍ KAMẸRÚÙNÙ, ṢÙGBỌ́N...

Kamẹrúùnù náà ní òfin tirẹ̀. Ìlú Douala sì làágùn lórí rẹ̀. Ní ọdún 1991, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ alátakò ń béèrè fún àpérò gbogbogbòò láti tún ìlú tò, Douala ni ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n pè ní villes mortes, ìlú òkú, ti gbóná jù. Ọjà tì, takisí kò ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn kọ̀ láti san owó orí. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún náà, Ààrẹ Paul Biya dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó ní àpérò bẹ́ẹ̀ kò ní ìwúlò kankan. Nígbà tó yá, ó gbà kí ìjọba, ẹgbẹ́ òṣèlú àti aráàlú jọ pàdé ní Yaoundé láti ìparí oṣù kẹwàá títí di oṣù kọkànlá. Ní oṣù kejìlá tó tẹ̀lé e, ilé aṣòfin ṣe òfin tó to ìlànà ìgbìmọ̀ olùwádìí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tún ìwé òfin ilẹ̀ náà ṣe ní oṣù kìíní, ọdún 1996, abala 35 fi àṣẹ náà múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ka abala 18 ìwé òfin yẹn kan náà. Ìpàdé àwọn aṣáájú ilé ló ń pinnu ohun tí ilé yóò jíròrò, òfin sì ní kí ọmọ ìjọba kan máa jókòó níbi ìpàdé náà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìjọba fẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Abala 16 ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé yóò máa pàdé lọ́dún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Abala 35 fúnra rẹ̀ ní ìjọba gbọ́dọ̀ fún àwọn aṣòfin lálàyé, àfi bí ọ̀rọ̀ bá kan ààbò ilẹ̀, àlàáfíà orílẹ̀-èdè, tàbí àṣírí ìwádìí ọ̀daràn. Aáyán kì í sì í jàre níbi tí adìẹ bá ti jókòó ti adájọ́.

ÀWỌN ỌMỌ MẸ́SÀN-ÁN BÉPANDA

Ní ọjọ́ 20, oṣù kejì, ọdún 2000, Ààrẹ Biya fi àṣẹ dá ẹ̀ṣọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ ní Douala láti gbógun ti àwọn adigunjalè. Commandement Opérationnel ni wọ́n pè é. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ló kọ́kọ́ dunnú, nítorí olè ti sọ òru di ìbẹ̀rù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkú káàkiri. Kádínà Christian Tumi, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Àgùdà ní Douala, kọ̀wé sí gómìnà ẹkùn Littoral lọ́dún náà, ó kìlọ̀ pé wọ́n ń pa èèyàn láìgbé wọn dé ilé-ẹjọ́.

Ní ọjọ́ 23, oṣù kìíní, ọdún 2001, wọ́n mú ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ní àdúgbò Bépanda. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n kò ju pé wọ́n jí sílíńdà gáàsì aládùúgbò wọn kan. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn ẹbí wọn ṣì ń rí wọn ní àtìmọ́lé. Lẹ́yìn náà, wọn kò rí wọn mọ́. Títí di òní olónìí, kò sí ìyá kan nínú wọn tó rí òkú ọmọ rẹ̀ sin. Yorùbá ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Àwọn òbí náà jáde sí ìgboro, ariwo ta, ìjọba sì ní kí wọ́n wádìí. Ààrẹ tó dá ẹ̀ṣọ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n jábọ̀ fún. Ilé-ẹjọ́ ológun ní Yaoundé ló gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ mẹ́jọ. Ní oṣù keje, ọdún 2002, mẹ́fà nínú wọn jàre. Ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké ni wọ́n fi kan àwọn méjì yòókù, kì í ṣe ti pípa ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ óò rí i pé àwọn àwáwí mẹ́ta inú abala 35 ló bò ó mọ́lẹ̀. Ológun ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ààbò ilẹ̀ nìyẹn. Olè ni wọ́n ń lé, ọ̀rọ̀ àlàáfíà ìlú nìyẹn. Ẹjọ́ wà níwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ àṣírí ìwádìí nìyẹn. Lọ́dún náà, 116 nínú àwọn aṣòfin 180 ni wọ́n jẹ́ ti CPDM, ẹgbẹ́ ààrẹ. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá tó láti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ bíi ti Jámánì, aṣòfin 36 péré ì bá ti tó. SDF, ẹgbẹ́ alátakò, ní 43.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ọ̀fọ̀ mìíràn tún ṣẹ Douala. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 2016, òjò gé ojú ọ̀nà Yaoundé sí Douala, èrò sì rọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n so kóòṣì mẹ́jọ mọ́ mẹ́sàn-án tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà yẹ̀ lójú irin ní Éséka kó tó dé Douala, èèyàn 79 ló kú bí ìjọba ti kà á. Ààrẹ Biya dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ó fi Philémon Yang, olóòtú ìjọba rẹ̀, ṣe olórí, ó fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́. Oṣù karùn-ún, ọdún 2017 ni aráàlú tó gbọ́ àbọ̀ kúkúrú láti ilé-iṣẹ́ ààrẹ: eré àsápajúdé àti bíréèkì tí kò dára, ẹ̀bi sì di ti iléeṣẹ́ Camrail. Kóòtù Éséka dá Camrail lẹ́bi ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ìjọba fúnra rẹ̀ ní ìpín nínú Camrail, òun náà ló sì yẹ kó máa bójú tó o. Ta ló bi ìjọba léèrè ipa tirẹ̀?

KÍ ÀWA NÁÀ TÓ RẸ́RÌN-ÍN

Kí àwa ọmọ Nàìjíríà má tíì fi Kamẹrúùnù rẹ́rìn-ín. Abala 88 àti 89 ìwé òfin ọdún 1999 fún àwọn aṣòfin wa lágbára láti wádìí ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kìíní, ọdún 2012, nígbà tí owó epo bẹ́ lé e tí ìlú sì dàrú, ilé aṣojú-ṣòfin pàdé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí owó ìrànwọ́ epo. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe ní gbangba. Àmọ́ alága ìgbìmọ̀ náà, Farouk Lawan, ni wọ́n tún fi ẹ̀sùn kàn pé ó gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan kó lè yọ orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú àbọ̀. Kóòtù Abuja rán an lẹ́wọ̀n ní ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un ní ọdún 2024. Àṣẹ wà lọ́wọ́ wa, ọwọ́ tó dì í mú ni kò mọ́.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Nílùú Ọ̀yọ́, Aláàfin nìkan kọ́ ló ń ṣèlú. Ọ̀yọ́mèsì wà níbẹ̀ láti bi í léèrè, wọn kì í sì í gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Ohun tí Manga Bell ń wá lọ sí Berlin nìyẹn. Ohun tí àwọn ìyá Bépanda ń wá nìyẹn: ẹni tí kì í ṣe ìjọba, tí yóò bi ìjọba léèrè, tí yóò sì sọ ohun tó rí ní gbangba. Bí iná ò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Níbi tí ìjọba bá ti ń wádìí ara rẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ kò ní tán lọ́wọ́ aráàlú.